Ẹnu Kan Ló Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Ọ̀rọ̀ rédíò ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ wa yìí. Rédíò mìíràn ni.

Rédíò tí ó wà ní ilé yín, ẹnu nìkan ni ó ní, kò ní etí. Ó ń bá yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ tilẹ̀ kígbe sí i láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní gbọ́. Rédíò kejì ni èyí tí à ń pè ní tọ́kì-wọ́kì. Ẹ ti rí i lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ti rí i lọ́wọ́ ṣọ́jà. Ẹ ti rí i lọ́wọ́ àwọn panápaná, àwọn tí à ń pè ní pọ́ńpíyé. Èyí ní ẹnu, ó sì ní etí. Ṣùgbọ́n kò lè lo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́tìnnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì náà ń sọ̀rọ̀, kò sì ní gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń wí. Ìgbà tí ó bá fi bọ́tìnnì sílẹ̀ ni yóò tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ ìjàǹbá, bí iná bá ń jó, bí omi bá gbé ilé, bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú títì, ẹ̀rọ yìí ni àwọn tí ó wá gba ènìyàn là fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ti ra ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ́ kọ́ ni àgbẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò ni àgbẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn olùgbàlà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Bí a kò bá kọ́ wọn, ẹ̀rọ yóò wà lọ́wọ́, ènìyàn yóò sì máa kú.

AFÁRÁ OLÓPÓ-IGI KAN

Ẹ wo afárá tí a fi igi kan ṣoṣo ṣe sórí odò. Ẹnì kan ni ó lè gbà á kọjá lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni méjì bá gùn ún láti ìhà méjèèjì, wọn yóò pàdé láàárín, àwọn méjèèjì yóò sì bọ́ sómi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà ohùn inú tọ́kì-wọ́kì rí. Bí ẹni méjì bá tẹ bọ́tìnnì pọ̀ lórí ọ̀nà ohùn kan, ọ̀rọ̀ méjèèjì ni yóò bàjẹ́. Ariwo ni àwọn yòókù yóò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èyí ti fà rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì wà lórí pápá kan náà. Ìkùukùu bo ilẹ̀. Ọkọ̀ kan kò rí èkejì. Àwọn tí ó wà nínú ilé ìṣọ́ pápá náà kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Rédíò nìkan ni ojú tí gbogbo wọn ní.

Ọkọ̀ àwọn ará Hólándì wà ní ìkángun ọ̀nà, ó ti múra àtifò. Ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń rìn bọ̀ lórí ọ̀nà kan náà. Àwọn ará Hólándì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ilé ìṣọ́ dáadáa. Wọ́n ní àwọn ń lọ. Ẹni tí ó wà ní ilé ìṣọ́ rò pé wọ́n ń sọ pé àwọn ti ṣe tán ni. Ó dáhùn pé, "OK." Lẹ́yìn náà ni ó wá fi kún un pé kí wọ́n dúró, òun yóò pè wọ́n. Ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ bọ́tìnnì tiwọn, wọ́n ní, "A ṣì wà lójú ọ̀nà."

Ohùn méjì pàdé lórí afárá kan. Ohùn méjèèjì bọ́ sómi. Ariwo bí ìró fèrè ni ó dé etí àwọn ará Hólándì. "OK" nìkan ni ó yé wọn. Wọ́n sáré láti fò, wọ́n sì kọlu ọkọ̀ kejì. Ènìyàn 583 ni ó kú lọ́jọ́ náà. Ìkùukùu wà níbẹ̀, ìkánjú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí "ẹ dúró" bá ti dé etí wọn, wọn ì bá dúró.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọwọ́ líle mú ẹ̀kọ́ yìí káàkiri ayé: "OK" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ pàtàkì rán gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí ẹni tí ó rán an lè mọ̀ pé ohun tí òun wí gan-an ni ó gbọ́.

OHUN TÍ A Ń KỌ́ WỌN NÍ ÌBẸ̀RẸ̀

Àwọn ohun tí olùgbàlà ń kọ́ kí ó tó mú tọ́kì-wọ́kì lọ síbi iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ kà wọ́n pẹ̀lú mi.

Èkíní, kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀, kí ó dúró kí onítọ̀hún parí.

Èkejì, kí ó ronú kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ìka rẹ̀ sì wà lórí bọ́tìnnì, ó ti dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, kí ó dárúkọ ẹni tí ó ń pè, lẹ́yìn náà kí ó dárúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó sọ̀rọ̀ ní kúkúrú, kí ó má sáré, kí ó má kígbe. Igbe a máa ba ohùn jẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tí ó gbọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é:

"Ibùdó, Ibùdó, Ọkọ̀ Kejì ni ó ń pè."

"Ọkọ̀ Kejì, Ibùdó ń gbọ́."

"Afárá ti wó. Ẹ gba ọ̀nà ọjà wá."

"Afárá ti wó. A ó gba ọ̀nà ọjà wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí."

Kò sí "ẹ káàárọ̀" níbẹ̀. Kò sí "ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́." Àwa Yorùbá mọ iyì ìkíni, ṣùgbọ́n ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ kò ní bínú pé a kò kí òun. Àwọn bàbá wa máa ń wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà dára nílé. Nínú rédíò ọjọ́ ìjàǹbá, kò sí àyípadà kankan. Bí a ṣe rán ọ ni kí o ṣe jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní ènìyàn mẹ́ta ni ó wà lábẹ́ ilé tí ó wó, má ṣe wí pé "ènìyàn díẹ̀."

BÍ ÈNÌYÀN BÁ PỌ̀ ŃKỌ́?

Èyí tí a ti ń sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Bí àwọn olùgbàlà bá di ọgọ́rùn-ún, tàbí ẹgbẹ̀rún, kí ni a ó ṣe?

Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, igbó máa ń gbẹ bí igbó tiwa ṣe ń gbẹ ní ìgbà ọyẹ́. Ní ọdún 1970, iná jó níbẹ̀ fún ọjọ́ 13. Ènìyàn 16 kú. Nǹkan bí ilé 700 ni ó jóná. Àwọn panápaná wá láti ìlú púpọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n rédíò ẹgbẹ́ kan kò gbọ́ ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àdììtú tirẹ̀: nọ́ńbà tí ó túmọ̀ sí nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí túmọ̀ sí nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún. Ó dà bí ìgbà tí a kó Fọ̀n, Yorùbá àti Bàrìbá sínú oko kan láìsí ògbufọ̀.

Nígbà tí iná kú, wọ́n jókòó, wọ́n rò ó. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n ṣe ètò iṣẹ́ tuntun kan, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gbà lò lẹ́yìn wọn. Nínú ètò náà, wọ́n fi ẹnì kan sí ipò tí a lè pè ní alákòóso ọ̀rọ̀ rédíò. Ẹni yìí kì í di ọpọ́n omi mú. Kì í gbé aláìsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni pé kí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Kí ni ó ń ṣe? Ó ń béèrè pé: ta ni ó wá? Irú rédíò wo ni ó wà lọ́wọ́ wọn? Lẹ́yìn náà, ó pín ọ̀nà ohùn fún wọn. Àwọn olórí ní ọ̀nà ohùn tiwọn. Àwọn tí ń pa iná ní tiwọn. Àwọn tí ń gbé ẹni tí ó fara pa ní tiwọn. Báyìí, dípò afárá igi kan, a ti ní mẹ́ta. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, ó sì fún olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó tún ń wo ibi tí ohùn kò lè dé, bí ẹ̀yìn òkè tàbí inú kòtò. Ó fi ènìyàn tàbí ẹ̀rọ sí àárín láti gba ọ̀rọ̀, kí ó sì tari rẹ̀ síwájú. Ó ń tọ́jú bátìrì, nítorí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò sàn ju òkúta lọ.

A máa ń kọ́ alákòóso yìí ní kíláàsì. Lẹ́yìn kíláàsì, ó máa ń tẹ̀lé ọ̀gá tí ó ti mọ iṣẹ́ náà lọ síbi ìjàǹbá, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé télọ̀ tàbí alágbẹ̀dẹ. Ọ̀gá yóò wò ó títí yóò fi dá a lójú pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́.

Wọ́n sì fẹnu kò pé, bí ẹgbẹ́ púpọ̀ bá pàdé níbi iṣẹ́ kan, kí wọ́n pa àdììtú tì. Bí omi ni o fẹ́, sọ pé omi. Bí o bá fẹ́ dókítà, sọ pé dókítà.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A KÒ TÚN ṢE A MÁA GBÀGBÉ

Ẹ má rò pé àwọn ọlọ́rọ̀ ti bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, ní ìlú New York, àwọn ọ̀tá fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé gíga méjì. Àwọn panápaná gòkè lọ láti gba ènìyàn là. Ní agogo 9 kọjá ìṣẹ́jú 59, ilé kan wó. Àwọn olórí fi rédíò ránṣẹ́ sínú ilé kejì pé kí gbogbo panápaná jáde. Ìṣẹ́jú 29 ni ó kù kí ilé kejì náà wó.

Àwọn kan gbọ́, wọ́n jáde. Àwọn kan gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fi ẹlòmíràn sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbọ́ rárá. Ìwé ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2004 sọ ìdí rẹ̀. Ilé náà ga ju agbára rédíò wọn lọ. Ohùn pọ̀ jù lórí ọ̀nà ohùn kan. Àwọn mìíràn wà lórí ọ̀nà ohùn tí ó yàtọ̀. Àwọn kan tí ó wá ṣèrànwọ́ lọ́jọ́ ìsinmi wọn kò ní rédíò lọ́wọ́. Panápaná 343 ni ó kú lọ́jọ́ náà. Akọni ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgboyà kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ tí kò dé etí.

Nítorí náà ni a ṣe ń fi ìdánrawò kọ́ àwọn olùgbàlà léraléra. Wọ́n á ṣe bí ẹni pé iná ń jó, bí ẹni pé ọkọ̀ dojú dé. Wọ́n á máa pe ara wọn, wọ́n á máa ṣe àṣìṣe, wọ́n á sì máa tún un ṣe. Ó sàn kí a ṣi ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́ eré ju kí a ṣì í sọ lọ́jọ́ ìjà.

A tún ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan fún ìgbà tí olùgbàlà fúnra rẹ̀ bá wà nínú ewu. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, "Mayday" ni ọ̀rọ̀ náà. Inú èdè Faransé ni wọ́n ti mú un, "m'aider," ìyẹn ni pé, ẹ gbà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ, kí ó dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà di ti ẹni tí ó wà nínú ewu.

ÌWÉ WÚLÒ NÍBẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé, apá yìí jẹ́ tiyín. Níbi iṣẹ́ rédíò, ẹnì kan máa ń jókòó pẹ̀lú ìwé àti bíírò. Ó ń kọ wákàtí tí ọ̀rọ̀ dé, ẹni tí ó sọ ọ́, ohun tí ó wí, àti ohun tí a ṣe sí i. Orí ènìyàn a máa gbàgbé lọ́jọ́ ìpayà. Ìwé kì í gbàgbé.

Létà pàápàá ní orúkọ mìíràn nínú rédíò. Ẹ fi èdè Faransé pe létà wọ̀nyí: B, D, P, T. Ẹ gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe jọ ara wọn? Nínú ariwo, etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, láti ọdún 1956, àwọn awakọ̀ òfuurufú káàkiri ayé ń lo orúkọ kan náà fún létà: A ni Alfa, B ni Bravo, C ni Charlie, D ni Delta, títí dé Z. Àwọn olùgbàlà ní ilẹ̀ púpọ̀ ń lò ó pẹ̀lú.

ÈWO NI ÈYÍ KÀN WÁ?

Ẹ lè wí pé, "Àwa kò ní tọ́kì-wọ́kì ní abúlé wa." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ ìjàǹbá. Ní ọdún 2010, omi bo ilé àti oko ní èyí tí ó ju ìdajì àwọn kọ́múùnù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, iná sọ níbi tí wọ́n kó epo ẹsáǹsì pamọ́ sí, ó sì ju ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú.

Kí panápaná tó bá panápaná sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ẹnì kan ti kọ́kọ́ pè wọ́n. Ẹni náà lè jẹ́ ìwọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ jáde ni wọn yóò máa tún sọ fún ara wọn lójú ọ̀nà. Bí tìrẹ bá wọ́, tiwọn yóò wọ́.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti ní ilẹ̀ Tógò, 118 ni nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn panápaná. Bí ìjàǹbá bá dé, kí ẹnì kan ṣoṣo pè, kí àwọn yòókù dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó sọ nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Má ṣe dárúkọ abúlé nìkan. Ìlárá wà ní Bẹ̀nẹ̀, Ìlárá sì wà ní Nàìjíríà. Sọ kọ́múùnù, sọ ọjà tàbí ilé ìwé tí ó súnmọ́ ibẹ̀, sọ ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà.

2. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀: iná ni, omi ni, tàbí ọkọ̀.

3. Iye ènìyàn tí ó fara pa tàbí tí ó há sínú ewu.

4. Ewu tí ó ṣì wà níbẹ̀: epo, wáyà iná, ilé tí ó fẹ́ wó.

5. Orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ.

Lẹ́yìn èyí, má pa tẹlifóònù. Dúró kí wọ́n bi ọ́. Ní kí wọ́n tún orúkọ ibẹ̀ sọ fún ọ. Bí wọ́n bá ṣì í pè, tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, rán ẹnì kan sí ẹ̀bá títì láti dúró dè wọ́n.

Bí tẹlifóònù kò bá gbà, tí ẹ sì fẹ́ rán ọlọ́kadà lọ sí ìlú, ẹ má fi ẹnu lásán rán an. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún náà sínú ìwé, kí ó mú un lọ́wọ́. Ẹ rí i pé ìwé tí ẹ ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe fún lẹ́tà sí ọmọ ní Kútọnu nìkan. Ó lè gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀yin ará wa, ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ní ọjọ́ ìjàǹbá, ẹ jẹ́ kí ẹnu kan sọ̀rọ̀, kí etí púpọ̀ gbọ́, kí ẹni tí ó gbọ́ sì tún un sọ. Ó dàbọ̀ o. Kí ìjàǹbá má kàn wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ló dé tí "OK" kò tó gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn nínú rédíò?

2. Kí ni iṣẹ́ alákòóso ọ̀rọ̀ rédíò?

3. Ẹ kọ bí ẹ ó ṣe júwe abúlé yín fún panápaná tí kò débẹ̀ rí. Kí ẹnì kan kà á sókè, kí ẹlòmíràn tún un sọ láìwo ìwé. Ṣé ó bá ara mu?